Owó Ni Ẹ Yá, Ẹ Kò Fi Iyì Yín Dógò

Ìyá kan tó ń ta ata gígún àti ẹja gbígbẹ ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò. Owó ilé-ìwé ọmọ mi kejì ló mú mi yá ₦30,000 lórí áàpù kan lóṣù tó kọjá. ₦24,000 ni mo rí nínú àkáǹtì mi. Wọ́n ní kí n san ₦31,500 lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ọjà kò tà, n kò rí i san. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nínú fóònù mi pé olè ni mí, pé wọ́n ń wá mi. Ó dé ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ó dé ọ̀dọ̀ àna mi. Wọ́n ní gbèsè mi ti di ₦47,000 báyìí, àti pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Ṣé òfin kankan wà fún irú wa? Ṣé wọ́n lè mú mi? Ṣé kí n yí nọ́ńbà mi padà ni?"

Ìyá wa, ẹ kú ìnira. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú bíírò, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó yá yín lówó ti lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, tí ìbẹ̀rù sì ti mú kí ẹ̀yin náà gbà pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Gbèsè ni ọ̀kan, ohun tí wọ́n fi ojú yín rí nítorí gbèsè náà sì ni èkejì. Gbèsè wà lọ́rùn yín lóòótọ́, n kò ní tàn yín jẹ. Owó tó wọ ọwọ́ yín, ẹ ó dá a padà. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó fún ẹni tó yá ni lówó láṣẹ láti ba orúkọ ẹni jẹ́ kó tó gba owó rẹ̀. Òfin tó kọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ ló wà, ó sì ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kúrò lọ́kàn yín, nítorí mo mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí ẹ sùn. Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí aáwọ̀ owó tàbí nítorí pé ó kùnà àdéhùn. Gbèsè tí ẹ kò rí san jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀yin àti olówó, kóòtù sì ni ibi tí olówó lè gbé e lọ bó bá fẹ́. Àwọn ohun díẹ̀ wà tó lè sọ ọ̀rọ̀ gbèsè di ọ̀ràn: bí ènìyàn bá fúnni ní ìwé sọ̀wédowó tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀, tàbí bó bá fi orúkọ àti ìwé ìdánimọ̀ ẹlòmíràn yá owó. Ẹ̀yin kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Orúkọ yín ni ẹ lò, àkáǹtì yín ni owó wọ̀, ọjà ni kò tà. Bí ọlọ́pàá kankan bá tilẹ̀ pè yín lórí fóònù, ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti àgọ́ tó wà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìpè yìí tí mo ti gbọ́, ìbéèrè mẹ́ta yìí ló máa ń fòpin sí i, nítorí pé agbowó ilé-iṣẹ́ náà ló ń fi ohùn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí yín gan-an? Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Dídógò ti onígbèsè ni wọ́n ń pè é. Bí olówó bá bẹ̀bẹ̀ títí tí owó rẹ̀ kò jáde, a rán ológò lọ. Ológò a wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígbèsè, a máa pariwo, a máa pàṣẹ oúnjẹ, a máa ki adìyẹ tó bá rí mọ́lẹ̀, títí ẹbí yóò fi dá owó jọ kí ìtìjú náà lè kúrò nílé. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn náà ní ọ̀nà tiwọn: orí ìlóṣòó ni wọn yóò wà lẹ́nu ọ̀nà títí owó yóò fi jáde, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí orúkọ yẹn. Ohun tí gbogbo wọn ń gbà ní ìdógò ni ojú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ológò ayé àtijọ́ ní ojú tí àdúgbò mọ̀, baálé sì lè pè é kó bá a wí bó bá kọjá ààlà. Ti ìsinsìnyí jókòó síbi tí ẹ kò mọ̀, ó ń lo orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ń wọ ilé igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ni òfin fi ní láti dípò baálé.

Òfin tó dípò rẹ̀ ni Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, tí àjọ FCCPC sì ń mójú tó. Abala 124 inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan, tàbí ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ fún un, kò gbọdọ̀ fi agbára, ìhàlẹ̀, ìyọlẹ́nu tàbí ọ̀nà àìtọ́ kankan bá oníbàárà lò, ó sì dárúkọ gbígba owó pẹ̀lú. Ẹni tó kọ òfin náà mọ̀ pé ìgbà tí owó bá ku gbígbà ni wọ́n máa ń gan ènìyàn. Abala yìí kan náà kọ̀ kí ilé-iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi àìmọ̀wé ènìyàn, àìmọ̀kan rẹ̀, tàbí àìgbédè tí wọ́n fi kọ àdéhùn ṣe ànfààní ara rẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe kàn yín. Ojú ewé mélòó ni àdéhùn tí ẹ tẹ "Mo gbà" sí lórí fóònù yẹn? Èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Ta ló kà á fún yín? Nígbà tí owó ilé-ìwé ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, tí wọ́n ti dá ọmọ padà sílé, kò sí ìyá tí yóò jókòó ka òfin àti àlàyé tó gùn tó ọ̀nà Ìwó kó tó yá owó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há kì í ní àǹfààní àti yàn, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé "ṣebí ẹ fọwọ́ sí i ni."

Ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ńbà inú fóònù yín. Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu buwọ́ lu Òfin Ààbò Dátà, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni, ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, àjọ NDPC ló sì ń mú un ṣẹ. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tó gba ìsọfúnni yín kò gbọdọ̀ lò ó ju ohun tó sọ fún yín pé òun fẹ́ fi ṣe lọ, ẹ sì lè gba àṣẹ tí ẹ fún un padà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níhìn-ín tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò. Nọ́ńbà àna yín kì í ṣe tiyín láti fi tọrẹ. Àna yín kò yá owó, kò tẹ ohunkóhun, kò mọ áàpù náà rárá. Síbẹ̀ wọ́n mú nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ránṣẹ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sùn, alága yín náà lẹ́tọ̀ọ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá tí atẹ̀jíṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wọn bá kọ ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ mọ́kànlá pẹ̀lú tiyín ni yóò wà nílẹ̀ lórí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ní ti pípè tí wọ́n pè yín ní olè, ìbanilórúkọjẹ́ ni, ẹ sì lè pè wọ́n lẹ́jọ́ fún un. Bí wọ́n bá sì ń halẹ̀ pé àwọn yóò ba orúkọ yín jẹ́ kí ẹ lè san owó, abala 24 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún tò ní ọdún 2024, ka irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn. Ẹ rí i pé ọlọ́pàá tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín, àwọn gan-an ló yẹ kó máa bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ka owó náà, nítorí pé inú ìṣirò ni wọ́n ti ń rẹ́ tálákà jẹ jù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ₦30,000 ni ẹ yá, pé ₦1,500 péré ni èlé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé kò burú. Ṣùgbọ́n ₦6,000 ti lọ kí owó tó dé ọ̀dọ̀ yín, wọ́n pè é ní owó iṣẹ́. ₦24,000 ni ẹ fi ọwọ́ kàn. Láti dá ₦31,500 padà lórí ₦24,000, ₦7,500 ni ẹ fi kún un, ìyẹn ju ₦31 lọ lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, láàárín ọjọ́ méje. Kí ẹ ta ẹja títí ọ̀sẹ̀ kan, ta ló ń rí èrè tó tó bẹ́ẹ̀ lórí owó ọjà rẹ̀? Àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé ẹ kò ní lè san án. Owó ìjìyà tí yóò gorí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ keje ni oúnjẹ wọn.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń yá irú owó kékeré yìí di ọjọ́ owó oṣù, ìjọba ti fi ààlà sí àfikún tí wọ́n lè gbà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, ọdún 2015. Èlé àti owó iṣẹ́ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́, owó ìjìyà àìtètèsan kò gbọdọ̀ ju £15 lọ, gbogbo àfikún lápapọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju owó tí ènìyàn yá gan-an lọ, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí a bá fi ààlà yẹn wọn ₦24,000 yín fún ọjọ́ méje, ₦1,344 ni ẹ̀bá fi kún un. Wọ́n gbà ju ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ lọ lọ́wọ́ yín. Mo ti ń sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti fún mi láyè pé irú ààlà bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ní, pàápàá èyí tó ní kí àfikún má ju owó tí a yá lọ, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí gbèsè kékeré di ẹ̀wọ̀n ayérayé.

Kì í ṣe pé ìjọba wa sùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, bu owó ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan lórí ẹ̀sùn irú èyí tí ẹ kọ sí mi. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2022, FCCPC àti àwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù kan ní Òpèbí, ní Ìkẹjà. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gbé ìlànà jáde pé kí gbogbo wọn wá fi orúkọ sílẹ̀. Ní ọdún 2023, Google kọ̀ kí áàpù ayánilówó lórí Play Store máa wọ inú àkójọ nọ́ńbà àti fọ́tò ènìyàn mọ́. Ìlànà tuntun ti FCCPC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2025 le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ó kọ̀ kí wọ́n máa dédé sọ owó sínú àkáǹtì ẹni tí kò tọrọ rẹ̀, ìtanràn sì lè tó ₦100 mílíọ̀nù tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ náà ń pa wọlé.

Síbẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n ṣì rí yín mú. Ìdí ni pé bí wọ́n bá ti áàpù kan, orúkọ mìíràn ni yóò fi jí lọ́jọ́ kejì, tí wọn yóò sì máa pín in nípasẹ̀ líǹkì lórí WhatsApp dípò Play Store, níbi tí òfin Google kò dé. Ìdí kejì ni pé ẹni tí wọ́n dójú tì kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin aránṣọ kan wá sí ọ́fíìsì mi nígbà kan, ó fi ìborùn we fóònù rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ jòjòló dání. Ó gbé e sórí tábìlì mi, fóònù náà ń gbọ̀n lábẹ́ ìborùn ní gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀, kò sì wò ó lẹ́ẹ̀kan. Áàpù márùn-ún ló jẹ ní gbèsè. Èkíní nìkan ló fi ra nǹkan, ó fi ra òwú àti sípù. Mẹ́rin yòókù, owó ọ̀kan ló fi ń san ti èkejì. Nígbà tí a jókòó ka gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, owó tó ti san fún èkíní ti ju èyí tó gbà lọ́wọ́ wọn lọ. Kò mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó bá a kà á rí. Ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má yá òmíràn láti fi san èyí.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ má tíì pa áàpù náà rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù yín níbi tí iye owó, ọjọ́ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà, àti ti atẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tó gbé e wá. Ẹ gba ìwé àkáǹtì yín ní báńkì, èyí tó fi hàn pé ₦24,000 ló wọlé. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ ibi ètò fóònù, kí ẹ gba àṣẹ lórí nọ́ńbà, fọ́tò àti atẹ̀jíṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ áàpù náà. Àwọn tí wọ́n ti kó lọ ti lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní rí tuntun kó. Bí ẹ bá fún wọn ní nọ́ńbà káàdì ATM yín, ẹ lọ sí báńkì kí wọ́n gba káàdì yẹn kúrò, kí wọ́n fún yín ní òmíràn, kí owó ọjà má baà máa pòórá láàárọ̀.

Kí ẹ wá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kódà kó jẹ́ ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni yóò bá yín tẹ̀ ẹ́. Kò yẹ kó gùn: "Mo yá owó lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ báyìí. ₦24,000 ni ẹ san sínú àkáǹtì mi. Ẹ fi ìṣirò tó gbé e dé ₦47,000 ránṣẹ́ sí mi. Mo lè máa san ₦3,000 lọ́sẹ̀. Mo gba àṣẹ tí mo fún yín lórí àwọn nọ́ńbà inú fóònù mi padà, mo sì fẹ́ kí ẹ pa wọ́n rẹ́. Ẹ má ṣe kàn sí ẹnikẹ́ni mọ́ lórí gbèsè yìí àfi èmi." Bí ₦3,000 bá pọ̀ jù fún ọjà yín, ẹ kọ iye tí agbára yín ká, nítorí pé àdéhùn tí ẹ bá tún kùnà ni wọn yóò fi bá yín jà. Owó tí ẹ bá sì san, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kó wà lórí àkáǹtì tó gbà á. Ẹ má san kọ́bọ̀ sínú àkáǹtì agbowó kankan, bó ti wù kó búra tó.

Ìwé yẹn àti àwọn àwòrán náà ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí FCCPC àti NDPC lórí ìkànnì wọn. Lórí ìkànnì FCCPC kan náà ni orúkọ àwọn ayánilówó tí wọ́n fọwọ́ sí wà. Bí orúkọ tiyín kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà sínú ẹjọ́ yín. Bó bá jẹ́ báńkì alábọ́dé (microfinance bank) tó ní ìwé àṣẹ ló wà lẹ́yìn áàpù náà, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ fún báńkì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ gbé e lọ sí Báńkì Àpapọ̀ (CBN). Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020, báńkì tó ní ìwé àṣẹ lè fi ètò tí wọ́n ń pè ní GSI (Global Standing Instruction) mú gbèsè rẹ̀ látinú àkáǹtì yín ní àwọn báńkì mìíràn nípasẹ̀ BVN. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ yá àti èlé rẹ̀ nìkan ni ètò yẹn gbà wọ́n láyè láti mú, owó ìjìyà kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní ti nọ́ńbà yín, ẹ má yí i padà. Òun ni àwọn oníbàárà yín mọ̀, ẹ kò sì ní fi gbèsè ₦24,000 ba ọjà ọdún púpọ̀ jẹ́. Òun náà ni ẹ̀rí ń gbà wọlé. Ẹ pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ lálẹ́ kí ẹ lè sùn, kí ẹ má sì dá agbowó lóhùn lórí ìpè. Ẹ ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ní ti alága alájẹṣẹ́kù yín, fóònù ni wọ́n fi bà yín jẹ́ lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lọ bá a. Kí ẹ lọ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí ẹ mú ìwé báńkì náà dání, kó fi ojú ara rẹ̀ rí iye tó wọlé àti iye tí wọ́n ń bèèrè. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi atẹ̀jíṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà tó gbé e wá, kó má sì tíì pa á rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀.